Kì í Ṣe Gbogbo Omi Tó Ń Hó Ló Gbóná

"Asiyah, fa etí tapólì yẹn sọ́dọ̀ rẹ," Ìyá Jẹ̀mílátù pàṣẹ fún mi.

Mi ò fà á. Mo káwọ́ lẹ́rán, mo sì dúró gbọnin sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa.

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín, mà. Mi ò ní í fà á."

Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, ẹni tó bá ṣì fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, kó bú mi. Ó ti mọ́ mi lára. Ní agboolé wa ní Ayétòrò, Olóríkunkun ni wọ́n ti ń pè mí kí n tó wọ iléèwé girama.

Oṣù tí ìjọba ti bodè pa náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá àgbà mi, Bàbá Sàláúdéènì, tó bí bàbá mi. Bodè tì, ẹnu Bàbá Àgbà náà sì tì. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi, tó máa ń ná ọ̀nà Ìlárá àti Ẹ̀gùá, dúró sí ẹ̀yìnkùlé títí adìyẹ fi ń yé sábẹ́ rẹ̀. Inú ilé lọ́hùn-ún, Bàbá Àgbà náà dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún bákan náà. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọwọ́ òsì ló kù tó lè fi jẹun. Mùsùlùmí tí kò fi òsì gba omi lọ́wọ́ ọmọdé rí! Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, ó máa ń yí ojú sí ògiri kó tó bu òkèlè.

Òrùka fàdákà kan wà ní ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́, òrùka yìí ló fi ń pè wá. Á máa fi í kan igi ibùsùn, kò, kò, èmi á sì sáré lọ. Ìyá mi ń tajà ní Ìlaròó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nítorí náà èmi ni mo sún mọ́ Bàbá Àgbà jù. Èmi ni mò ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un. Èmi náà ni mò ń gbé apá rẹ̀ sókè sódò láràárọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé ìwòsàn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá Nàfíù fi dé.

Àbúrò bàbá mi ni Bọ̀ọ̀dá Nàfíù. Kí bodè tó tì, aṣọ àti ọṣẹ ló ń kó wá láti Kútọnu. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ta bàtà ẹsẹ̀ kan fún ọ, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀nà igbó lẹ́yìn Ìlárá ló gbà, orí ọ̀kadà, pẹ̀lú àpò ńlá kan láàárín òun àti ọlọ́kadà. Mo rò pé ìrẹsì ni. Àwọn ọ̀rá funfun tí wọ́n kọ èdè Faransé sí lára ló kúnnú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìwòsàn Bàbá," ó sọ fún bàbá mi. "Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìtọ́jú kan létí òkun ní Kútọnu. Àwọn òyìnbó ń wá síbẹ̀. Wọ́n á da ìyẹ̀fun yìí sínú omi, omi á máa hó, wọ́n á wá jókòó sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi yẹn máa ń la iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn gòkè lọ sí ọpọlọ, ohun tó dí níbẹ̀ á ṣí. Sé bọ́n."

Bọ̀ọ̀dá Nàfíù kì í sábà parí ọ̀rọ̀ láìfi "sé bọ́n", èyí tó jẹ́ "ó dáa" lédè Faransé, kún un, pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dá òun fúnra rẹ̀ lójú.

Àgbá rọ́bà kan wà tí ìyá mi là ní ìdajì, tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún láfún. A fọ̀ ọ́, a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo pọn omi, mo gbé e kaná díẹ̀ kí òtútù má baà mú Bàbá Àgbà. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù da ìyẹ̀fun sí i, omi náà sì ru, ó ń hó yàà, àfi bíi pé wọ́n dáná sí i nídìí. Wọ́n gbé Bàbá Àgbà jókòó sínú rẹ̀, omi dé e láyà, orí rẹ̀ wà níta gbangba. Àwọn èhó omi kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí a gbé e jáde, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ara rẹ̀ sì móoru. Ó fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò ní í purọ́, inú mi dùn. Mo pàtẹ́wọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Nàfíù.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Oògùn ilé ìwòsàn ń ti ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn, omi mi ń pè é síwájú. Wọ́n á máa bá ara wọn jà."

"Dókítà ní a ò gbọdọ̀ dá a dúró," mo wí.

Bàbá mi wo Bọ̀ọ̀dá Nàfíù, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó pọ́n. "Asiyah, jẹ́ ká gbìyànjú èyí ná."

"Ṣùgbọ́n, sà—"

"Olóríkunkun, mo ní jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀."

Wọ́n gbé oògùn lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó.

Ìròyìn kì í pẹ́ tàn. Kò pẹ́ tí Ìyá Jẹ̀mílátù fi ti Òkè-Ọ̀dàn dé. Àbúrò Bàbá Àgbà ni, òun sì ni gbogbo ìdílé wa ń bẹ̀rù. Kò sí ọmọ tó ní ibà rí nínú wa tí Ìyá Jẹ̀mílátù kò tíì bò mọ́ ìkòkò àgbo. Á gbé ìkòkò gbígbóná síwájú rẹ, á da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ọ́ látòkè délẹ̀, ìwọ á wà níbẹ̀, wàá máa gba ooru. Bí o bá ń jà pé o fẹ́ jáde, á fi orúnkún tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀, á ní, "Ibà ló ń jà, kì í ṣe ìwọ." Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń là á já.

Nígbà tí Ìyá Jẹ̀mílátù gbọ́ bí a ṣe ń ṣe omi Bọ̀ọ̀dá Nàfíù, ó pòṣé.

"Omi ń hó, ẹ wá gbé e sí gbangba lábẹ́ máńgòrò? Ooru ọ̀hún ń lọ lásán! Nàfíù, ṣé ìwọ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ibo ni àrùn yìí wà?"

"Ọpọlọ ni, mà."

"Ọpọlọ. Orí lẹ sì fi sílẹ̀ níta. Inú ilé ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ bò ó, kí ooru náà lè dé orí rẹ̀."

Gbogbo ilé mi orí. Ó bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó bá gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù náà mi orí, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ìbá ti sọ fún un pé kò rí ibi tí wọ́n ti ń bo ẹnikẹ́ni létí òkun rárá. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í bá ẹni tó ń yin ọjà rẹ̀ jiyàn.

Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, olùkọ́ wa ní Kẹ́místìrì, gún káún sínú ife, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó hó, ó ru. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, irú èyí tí a ń mí síta. Ó rọra tẹ ife náà sí ẹ̀gbẹ́ lórí àbẹ́là tó ń jó. A kò rí ohunkóhun tó dà jáde, ṣùgbọ́n àbẹ́là kú fíín. "Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ," ó wí. "Bó bá rí ibi tó sé mọ́, á jókòó síbẹ̀, á sì lé afẹ́fẹ́ tó dáa jáde. Ohun tó bá pa iná báyìí, bí ó bá pọ̀, á pa ènìyàn."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fa tapólì.

Balùwẹ̀ wa kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Wọ́n ti ki àkísà bọ̀ ọ́. Bàbá Àgbà ti wà nínú omi, ó ń wò mí. Tapólì tí bàbá mi fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bò ó. Bodè tì, kò rí ìrẹsì bò, ó wá di ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo ènìyàn.

"Ìyá, omi yìí ò gbóná," mo wí. "Ẹ fi ọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ooru ló ń jáde níbẹ̀. Ó ń hó bí ọṣẹ ṣe ń hó ni, kì í ṣe bí omi orí iná. Tí ẹ bá bò ó, kò ní í rí afẹ́fẹ́ mí."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," Ìyá Jẹ̀mílátù dáhùn. "Mo ti ń bo ènìyàn mọ́ ooru kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

Bọ̀ọ̀dá Nàfíù fà mí lápá jáde. "Má ba ọjà mi jẹ́ lójú àlejò. Àwọn ará Ẹ̀gùá wà ní ìta, wọ́n wá wò ó. Ṣé tíṣà yín mọ̀ ju òyìnbó lọ ni?"

Àwọn méjèèjì fa tapólì náà bò ó, látorí dé ilẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù padà lọ bá bàbá mi àti àwọn àlejò, Ìyá Jẹ̀mílátù sì gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó tẹ́rùn.

Mo dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ òrùka. Kò, kò, lára àgbá rọ́bà.

"Ìyá, ó ń pè wá."

"Jẹ́ kó gba ooru."

Kò, kò, kò. Ó yá ju bó ṣe máa ń kàn án lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ń fi ń kígbe nìyẹn."

"Àrùn ló ń jà," ó wí, "kì í ṣe òun."

Òrùka náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọ̀. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo ti Ìyá Jẹ̀mílátù. Ẹ kà á dáadáa, mo tì í, àgbàlagbà tó ń gbọ́wọ́ lé mi lórí nígbà ọdún. Ó ṣubú kúrò lórí àpótí. Mo tipá ṣí ilẹ̀kùn, mo mí kanlẹ̀, mo sé èémí mi, mo sì fa tapólì náà ya kúrò. Ohun kan ta mí nímú bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé imú lé mínírà. Orí Bàbá Àgbà ti ṣubú sí èjìká, ètè rẹ̀ dàbí eérú. Mo ti àgbá náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi ṣàn bo gbogbo ilẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, mo ń wọ́ ọ sí ìta, mo ń pariwo.

Inú ẹrẹ̀ ni bàbá mi ti bá wa. Ó rí àbúrò bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó rí bàbá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rí èmi. Ìgbátí ló kọ́kọ́ fi kí mi. Mi ò sunkún. Mo ń wo àyà Bàbá Àgbà. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò.

"Ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́," Bọ̀ọ̀dá Nàfíù wí. "Oògùn ti ń wọlé bọ̀."

"Ooru máa ń dá ènìyàn kú díẹ̀," Ìyá Jẹ̀mílátù fi kún un, ó ń gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Bó bá sinmi tán, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a ó tún un ṣe."

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n," bàbá mi wí fún mi.

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí pé mo tì yín. Ti pé mo ṣílẹ̀kùn, mi ò bẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá tún bò ó, màá tún ṣí i."

Bàbá mi tún gbọ́wọ́ sókè, mi ò sì yẹra. Mo ní, "Ẹ gbá mi, sà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ fún mi ní àbẹ́là kan àti ọ̀rá ìyẹ̀fun yẹn kan."

Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é," ó wí.

Mo da omi sínú garawa, mo da ìyẹ̀fun sí i, mo sì fa tapólì kan náà bò ó lẹ́nu. Omi ń hó lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wa ń gbọ́ ọ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan omi náà."

Ìyá Jẹ̀mílátù wo àwọn àlejò. Ojú tì í láti kọ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ṣé ó gbóná, mà?"

"Kò gbóná," ó wí.

Mo tan àbẹ́là, mo so okùn mọ́ ọn, mo ṣí etí tapólì díẹ̀, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì dé omi tó fi kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù ní atẹ́gùn ni. Bàbá mi gba okùn náà lọ́wọ́ mi, ó ṣe é fúnra rẹ̀. Ó kú. Bàbá mi dúró pẹ̀lú àbẹ́là tó kú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo tapólì rẹ̀. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó lọ tan ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tíì rìn láti ìgbà tí bodè ti tì. Adìyẹ tú káàkiri ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́nà Ìlaròó, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró. "Kí lẹ kó?" wọ́n bi wá.

"Bàbá mi," bàbá mi dáhùn. Wọ́n yọjú wo Bàbá Àgbà láàárín wa, wọ́n sì ní ká máa lọ.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn, obìnrin ni. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá Àgbà, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ru gan-an nítorí oògùn tí a dá dúró, díẹ̀ ló kù kí àrùn náà tún kọlù ú. Bàbá mi ròyìn omi híhó fún un, ó sì tẹ́tí dáadáa.

"Kì í ṣe irọ́ pé àwọn dókítà kan lókè òkun ń lo irú omi bẹ́ẹ̀," ó wí. "Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá fi pọ́n. Àmọ́ pé ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ tó fi lè wo àrùn rọpárọsẹ̀ sàn, ẹnikẹ́ni kò tíì fìdí ìyẹn múlẹ̀. Àwọn tó ń lò ó pàápàá, orí aláìsàn kì í wọ inú rẹ̀, wọn kì í sé ilé mọ́ ọn, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ sì wá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, sà." Ó yíjú sí mi. "Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

Bàbá mi ló dá a lóhùn. "Ọmọ mi ni."

Ẹ má rò pé wọ́n fi mí jẹ oyè nílé. Ìyá Jẹ̀mílátù padà sí Òkè-Ọ̀dàn láìdáhùn kíkí mi, ọ̀pọ̀ nínú ẹbí sì ń sọ pé ọmọ tó lè ti àgbà ṣubú, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ń kọni lóminú. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n má sọ ọ́ síta, pé ọjà kù lọ́wọ́ òun, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín pẹ̀lú Bàbá Àgbà," mo wí. Ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ ní iléèwé, mo sọ ọ́ ní ẹnu kànga, mo sọ ọ́ níbikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè.

Bàbá Àgbà padà sí oògùn rẹ̀, a sì padà sí gbígbé apá sókè sódò. Kò yára. Bodè ṣì wà ní títì nígbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ mira.

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan wá láti Ẹ̀gùá, tọkọtaya. Ìyá ọkùnrin náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Wọ́n ti gbọ́ ìdajì ìròyìn, ìdajì tó dùn. "Wọ́n ní omi kan wà níbí tó ń hó," ọkùnrin náà wí, "pé ẹ fi bo bàbá yín, bàbá sì ń gbádùn."

Ìyá Jẹ̀mílátù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Nàfíù la ẹnu. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, a gbọ́ òrùka lára igi àga. Kò, kò. Gbogbo wa yíjú.

Bàbá Àgbà ń fa ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́, ó gbọ́wọ́ òsì sókè pé kí n dákẹ́.

"Kò," ó wí. Ó sinmi. "Kò gbóná."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já gaara lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí bodè ti tì nìyẹn. Ìyá Jẹ̀mílátù fi etí ìborùn nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn àlejò, fúnra rẹ̀, bí omi náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò fi ohunkóhun pa mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí àrùn pa lẹ́nu mọ́ wá ńkọ́? Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọdé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ máa gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ẹ sì máa bẹ̀bẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn láti inú lọ́hùn-ún, ẹ ṣí i. Ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí ẹnu dídùn, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tó ń hó tàn yín jẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ṣì ń pè mí ní Olóríkunkun ní agboolé wa. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń jẹ́ ẹ.